Inú Àlàfo Yanrìn: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Aràn Pẹlẹbẹ Etíkun

Ẹ kú ìjókòó o.

Bí a bá bu yanrìn tútù létíkun kún ọwọ́ kan, kì í ṣe yanrìn nìkan la bù. Hóró yanrìn kì í lẹ̀ mọ́ra bíi bíríkì tí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì so pọ̀. Àlàfo wà láàárín wọn, omi òkun ló sì kún inú àlàfo náà. Bí a bá kó yanrìn tó tó lítà kan, àlàfo inú rẹ̀ lè tó ìdá méjì nínú márùn-ún. Ibẹ̀ ni ilé àìmọye ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí dáadáa. Asẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: èyí tó bá bọ́ kọjá lójú asẹ́ mìlímítà 1, àmọ́ tí asẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.063 mú dúró, inú ẹgbẹ́ yẹn ló wà. Aràn pẹlẹbẹ kéékèèké wà lára wọn, òun la sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí a bá ti gbọ́ “aràn”, ikùn ọmọdé àti oògùn aràn ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Lóòótọ́, aràn tó ń fa àtọ̀sí ajá, àti aràn gbọọrọ tó rí bíi ríbọ́ọ̀nù nínú ìfun, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n jẹ́ sí àwọn tí à ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ti inú yanrìn kì í fara ti ẹnikẹ́ni jẹun. Wọ́n ń rìn kiri, wọ́n ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn fúnra wọn. Láti inú ìran àwọn tó ń dá gbé báyìí ni àwọn afòmọ́ yẹn ti ya wá, kì í ṣe pé àwọn afòmọ́ ló kọ́kọ́ wà.

Oríṣi aràn pẹlẹbẹ inú òkun pọ̀ lọ jàra, a ó sì fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ, torí pé òun ni a mọ̀ tinú-tòde jù lọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Macrostomum lignano, nítorí ìlú Lignano Sabbiadoro tó wà létí òkun Adriatic, ní àríwá ìlà-oòrùn Ítálì. Ní ọdún 2005 ni Peter Ladurner, Lukas Schärer, Willi Salvenmoser àti Reinhard Rieger tẹ àpèjúwe rẹ̀ jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń sìn ín fún ọdún mélòó kan ní Innsbruck. Ẹ sì rántí pé Austria ni Innsbruck wà, orílẹ̀-èdè tí kò ní etíkun rárá. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi hàn pé aràn yìí kì í ṣe ẹlẹgẹ́ tó bí ó ṣe rí lójú.

Gígùn àgbà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1 sí 1.5. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó para pọ̀ di ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí 25,000 lọ. Ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, débi pé a lè wo oúnjẹ nínú ìfun rẹ̀ àti ẹyin nínú ikùn rẹ̀ láìfi ọ̀bẹ kàn án.

Kí ló dé tó fi pẹlẹbẹ? Kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní ọkàn tó ń lù, kò ní ẹ̀dọ̀fóró. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà nínú omi ló ń rin gba awọ ara rẹ̀ wọlé, tó ń ti orí sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sórí èkejì fúnra rẹ̀. Ìrìn bẹ́ẹ̀ yá tí ọ̀nà bá kúrú, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò tó ń gbà a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po mẹ́wàá, àkókò di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀dá tí kò ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò gbé ọ́síjìn ká ara kò gbọdọ̀ sanra, torí sẹ́ẹ̀lì àárín ara rẹ̀ yóò kú kí oúnjẹ rẹ̀ tó dé. Ó lè gùn, ó lè fẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ ki. Pípẹlẹbẹ yìí kan náà ló sì jẹ́ kó lè sá pa mọ́ sáàárín hóró yanrìn méjì.

Irun wínníwínní ló bo gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n ń lù bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, òun ló ń fi wọ́n yọ́ lọ lórí yanrìn. Tó bá kan ibi tó há, iṣan abẹ́ awọ á fún un pọ̀, á sì gba ibẹ̀ kọjá. Ojú méjì wà níwájú orí, dúdú bí àmì ìdánudúró tó ń parí gbólóhùn, ọpọlọ sì wà nítòsí wọn. Ẹnu wà lábẹ́ ara, lẹ́yìn ojú díẹ̀. Ọ̀fun tẹ̀ lé e, ìfun sì tẹ̀ lé ọ̀fun. Ìfun náà kò ní ojú ọ̀nà kejì. Ibi tí oúnjẹ gbà wọlé ni ìdọ̀tí ń gbà jáde. Ẹni tó ń sìn ín á máa wo àwọ̀ ìfun yìí: bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi tíì, ó ń jẹun dáadáa, bó bá funfun gaara, ebi ń pa á. Bí ebi náà bá pẹ́, kò ní kú kíá. Yóò máa jẹ ara rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀, yóò máa kéré sí i, bó bá sì tún rí oúnjẹ, á padà sí bó ṣe wà.

Ìrù rẹ̀ ló gba pé ká dúró lé lórí díẹ̀. Ìgbì òkun kì í sinmi. Ẹ̀dá tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ẹ̀wà kan, bí kò bá rí nǹkan dì mú, omi á gbé e lọ sí ibi tí kò ti ní oúnjẹ, tí ẹja sì ń dúró dè é. Bó bá sì di nǹkan mú jù, kò ní lè rìn. Àtè ni ìdáhùn rẹ̀, bí èyí tí ọmọdé fi ń mú ẹyẹ, àmọ́ àtè tó lè já nígbà tí ẹni tó ni ín bá fẹ́. Lábẹ́ ìrù rẹ̀ ni nǹkan bí 130 ẹ̀yà ìlẹ̀mọ́ tò sí, bí ìlà tó tẹ̀ kọdọrọ bíi bàtà ẹsẹ̀ ẹṣin. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń tú àtè jáde. Ìkejì ń tú ohun tó ń já a. Ìkẹta jẹ́ ìdákọ̀ró: òun ni awọ ara ibẹ̀, ọrùn àwọn méjì yòókù gba àárín rẹ̀ yọ síta, òun ló sì ń gba gbogbo agbára tó bá fa ìrù náà. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, aràn yìí lè lẹ̀ kó sì já ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìwádìí tó jáde ní 2019 fi hàn pé purotéènì ńlá méjì ló wà nínú àtè náà, ọ̀kan ń lẹ̀ mọ́ ojú yanrìn, èkejì ń so èyí àkọ́kọ́ mọ́ ara aràn. Nígbà tí wọ́n pa ẹnu jíìnì èyíkéyìí nínú méjèèjì mọ́, ìrù aràn kò lè lẹ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́. Ohun tó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìwòsàn ṣaájò rẹ̀ ni pé inú omi iyọ̀ ló ti ń lẹ̀. Gọ́ọ̀mù ọjà ò fẹ́ràn ibi tó tutù, ara ènìyàn sì rèé, omi àti iyọ̀ ló kún un.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tún wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní neoblast. Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibi ìbímọ, àwọn yìí nìkan ló lè pín sí méjì. Bí sẹ́ẹ̀lì awọ bá gbó, kì í bí ọmọ rọ́pò ara rẹ̀. Neoblast kan nísàlẹ̀ ni yóò pín, tí ọmọ rẹ̀ yóò gòkè wá gba ipò. Wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ara ní ìlà méjì, ṣùgbọ́n kò sí wọn níwájú ojú. Ìdí nìyẹn tí ibi tí a gé e fi ṣe pàtàkì. Gé ìrù rẹ̀, yóò hù pátá láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, tòun ti ẹ̀yà ìlẹ̀mọ́ rẹ̀. Gé e lẹ́yìn ọ̀fun gan-an, kí orí, ọpọlọ àti ọ̀fun nìkan ṣẹ́kù, nǹkan bí sẹ́ẹ̀lì 4,000 péré, orí yẹn á ṣì hu gbogbo ara tó kù. Àmọ́ ara tí kò ní ọpọlọ kò lè hu orí tuntun. Ó lè wà láàyè fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kò ní ẹnu tí yóò fi jẹun. Ẹ má fi wé planaria ti inú odò, èyí tí ìrù rẹ̀ lè hu orí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń da àwọn méjèèjì rú, wọ́n á ní “aràn pẹlẹbẹ kì í kú.” Èyí ń kú.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa ni pé ní ọdún 2013, wọ́n rí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nínú aràn tó ń fa àtọ̀sí ajá. Aràn yẹn lè gbé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títún tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń tún ara rẹ̀ ṣe sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kó pẹ́. Ó ṣòro láti sìn ín ní láàbù, torí ó nílò ìgbín odò àti ẹranko. Ìbátan rẹ̀ ti inú yanrìn kò nílò ju abọ́ àti omi iyọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìbímọ wọn ò le. Akọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, abo náà ni. Ẹpọ̀n méjì àti àpò ẹyin méjì wà lára ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò lè gba ara rẹ̀ lóyún. Ó gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíràn pàdé. Bí méjì bá pàdé, wọ́n á fi ìrù kọ́ra, àwọn méjèèjì á fún ara wọn ní àtọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀kan nínú wọn máa ń tẹ̀ kọdọrọ, tí yóò fi ẹnu sí ojú ihò abo tirẹ̀, tí yóò sì máa fà á bí ẹni ń mu ọsàn. Ó jọ pé ó fẹ́ yọ lára ohun tí ẹnì kejì fún un kúrò ni. Àtọ̀ náà sì ní ìdáhùn tirẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní irun líle méjì tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìwọ̀ ẹja, èyí tó dà bí ẹni pé ó ń mú un dúró kó má bàa jẹ́ fífà jáde. Iye àwọn tó jọ ń gbé náà ní ipa: nínú ìdánwò, àwọn tí a sìn ní mẹ́jọ-mẹ́jọ ní ẹpọ̀n tó tóbi ju ti àwọn tí a sìn ní méjì-méjì lọ, torí pé ìdíje pọ̀. Nínú ìgbóná 20 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹyin máa ń pa lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 5, ọmọ náà á sì di àgbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí a ṣe ń wá wọn. Ọ̀nà tí a ó sọ yìí kò mọ̀ pé Ítálì ni, kò sì mọ̀ pé Àgbádárìgì ni. Ibi tí yanrìn àti omi iyọ̀ bá ti pàdé, yóò ṣiṣẹ́. Nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn ni ká lọ. Yanrìn tó dára ni èyí tí hóró rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 0.2 sí 0.5. Bó bá kúnná bí ẹrẹ̀, eruku ti dí àlàfo; bó bá rí wàràwàrà bí òkúta wẹ́wẹ́ tí ìgbì ń yí kiri, kò sí ẹni tó lè gbé ibẹ̀ pẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 àkọ́kọ́ ni ká bù. Bí a bá ń walẹ̀ tí yanrìn di eérú, tó wá di dúdú, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ká dúró. Ọ́síjìn ti tán níbẹ̀. Ká kó yanrìn náà sínú ike, ká fi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lókè, ká má gbé e sí oòrùn. Bùútù mọ́tò lọ́sàn-án gangan ti pa ọ̀pọ̀ yanrìn tó dára.

Wàhálà wa ni àtè yẹn. Bí a bá kàn fi omi òkun fọ yanrìn, aràn á lẹ̀ mọ́ hóró rẹ̀ pinpin, omi nìkan la ó dà jáde. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kun ún lóorun. Magnesium chloride ni oògùn oorun náà, torí pé magnesium máa ń dí ìjẹ́ tí iṣan ìmọ̀lára ń rán sí iṣan ara. Gíráàmù 71.4 ti èyí tó ní omi nínú, tí wọ́n kọ “hexahydrate” sí ara ìgò rẹ̀, la ó pò sínú omi mímọ́ lásán títí yóò fi pé lítà kan. Iye yìí ló jẹ́ kí agbára rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú omi òkun, kí ara aràn má wú, kó má sì súnkì.

Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti máa ń ṣìṣe níbí. Àwọn kan ń pò ó sínú omi òkun, kò yẹ bẹ́ẹ̀, torí iyọ̀ á di méjì. Àwọn kan ra èyí tí kò ní omi nínú, tí wọ́n kọ “anhydrous” sí i lára, wọ́n wá wọn 71.4 náà, tirẹ̀ kò ju gíráàmù 33.4 lọ, iye tó kọjá ìyẹn á pa aràn. Ìkẹta, ìgò tó ti ṣí sílẹ̀ pẹ́ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, pàápàá lápá Èkó níhìn-ín lásìkò òjò, ìwọ̀n tí òṣùwọ̀n bá sì sọ kì í ṣe ìwọ̀n iyọ̀ náà mọ́. Bó bá ti ń di ògì nínú ìgò, ká ra òmíràn.

Ká wá da nǹkan bí mìlílítà 200 yanrìn sínú ìgò gíláàsì lítà kan, ká da oògùn náà lé e títí yóò fi borí rẹ̀ dáadáa, ká fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, ká yí ìgò náà ká kíkankíkan, kí gbogbo yanrìn dìde, ká dúró ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí yanrìn tó wúwo rọ̀ sílẹ̀, ká sì tètè da omi òkè sínú asẹ́ mìlímítà 0.063 tàbí èyí tó kúnná díẹ̀ jù ú lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó ṣe é. Asẹ́ náà kò gbọdọ̀ gbẹ. Inú abọ́ omi òkun tí kò jìn ni kí ìdí rẹ̀ wà nígbà gbogbo. Lójú ẹsẹ̀ ni ká fi omi òkun ṣan ohun tó wà lójú asẹ́ sínú abọ́ pẹlẹbẹ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á jí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Ẹni tó bá fi omi ẹ̀rọ ṣan asẹ́ ti pa gbogbo wọn: omi tí kò ní iyọ̀ á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á bẹ́.

Ààyè la gbọ́dọ̀ wò wọ́n. Bí a bá da formalin sí yanrìn bí a ṣe ń ṣe fún edé tàbí ìgbín, ohun tí a ó rí nígbẹ̀yìn ni kúlúkúlú kan tí kò ṣeé dá mọ̀. Nítorí èyí, bí ẹ bá rí ìwé tó ka ẹ̀dá inú yanrìn létíkun kan, tí aràn pẹlẹbẹ inú rẹ̀ kéré jọjọ, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá formalin ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀.

Bí a bá ń fi pípẹ́ẹ̀tì fa ọ̀kan, ká fà á, ká sì tú u jáde kíá. Bó bá ráyè ìṣẹ́jú àáyá méjì nínú rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ògiri pípẹ́ẹ̀tì, títẹ̀ kíkan-kíkan kò sì ní yọ ọ́ láìfa ìrù rẹ̀ ya. Sísìn wọn nílò omi òkun tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 32 nínú lítà kan, tí a ti fi ajílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní f/2 sí: nínú lítà kan, mìlígíráàmù 75 sodium nitrate, 5 sodium phosphate, 30 sodium silicate, pẹ̀lú fítámì àti irin díẹ̀. Silicate ni wọ́n sábà máa ń fò, kò sì yẹ kí wọ́n fò ó. Díátọ́ọ̀mù, ẹ̀dá omi tín-ín-tín-ín tó dà bí ewéko, tí í ṣe oúnjẹ aràn, Nitzschia curvilineata, èèpo gíláàsì ni ó wọ̀. Láìsí silicate, kò rí ohun fi ṣe èèpo. Díátọ́ọ̀mù yìí la ó kọ́kọ́ gbìn sínú abọ́ títí tí yóò fi bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a tó kó nǹkan bí aràn 100 sí i, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan la ó sì kó àwọn àgbà lọ sínú abọ́ tuntun. Ìgbóná 20, ìmọ́lẹ̀ bí wákàtí 14, òkùnkùn 10.

Ohun tó sábà máa ń ba abọ́ jẹ́ kì í ṣe àìsàn. Omi tó ń fà gbẹ ni. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà bá lọ, iyọ̀ 32 ti di bí 43. Omi òkun tuntun kọ́ la ó fi kún un, torí iyọ̀ ò bá omi lọ. Omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀ la ó kán sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi padà sí ìlà tí a fà sára abọ́.

Láti mọ irú èyí tí a mú, ká gbé e sórí gíláàsì pẹ̀lú ẹ̀kán omi kékeré, ká fi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, ká wá fi bébà máa fa omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí aràn yóò fi tẹ́ tí kò lè rìn mọ́. Ká dúró níbẹ̀. Bí a bá tún fa ẹ̀kán kan kúrò, á bẹ́. Ìwọ̀ líle tó fi ń fún ẹnì kejì ní àtọ̀, tó wà nítòsí ìrù, la ó wò ní ìlọ́po 400 sí 1,000. Bó ṣe tẹ̀ àti bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí ló ń ya oríṣi kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí aràn náà kò bá ní ìfun tó ṣófo nínú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ acoel, ìran tí wọ́n ti ń kà mọ́ aràn pẹlẹbẹ tipẹ́ kí ìwádìí jíìnì tó yọ wọ́n kúrò. Ká ya fọ́tò ìwọ̀ náà, kí a kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo ara kí a tó tẹ̀ ẹ́ jù, ká wá fi omi òkun gbé e kúrò lábẹ́ gíláàsì bọ́ sínú ọtí ethanol 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ọtí yẹn á ba ìrísí rẹ̀ jẹ́, àmọ́ á pa jíìnì rẹ̀ mọ́. Ká kọ ọjọ́, etíkun, jíjìn yanrìn àti nọ́ńbà fọ́tò sí bébà kékeré, ká fi pẹ́ńsù kọ ọ́, torí ethanol á fọ yíǹkì bírò dànù, ká sì ki bébà náà bọ inú ìgò pẹ̀lú aràn náà.